Iṣẹ́ Ìhìnrere ní Yunifásítì Òkè-Òkun: Ẹ Lọ Bi Kúdẹ̀tì

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó títí dé Bẹyẹrúnkà, ìsìn kan wà tí ó ti di àṣà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, tí ó kù díẹ̀ kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Bìrìtéènì wọlé, wọn yóò pe ọ̀dọ́ kan jáde síwájú pẹpẹ. Físà rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Olùṣọ́-àgùntàn yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò sì kéde pé kì í ṣe ìwé nìkan ni ọmọ náà ń lọ kà. Ó ní Ọlọ́run ń rán an gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nnárì sí àwọn òyìnbó tí wọ́n ti kọ Ọlọ́run baba wọn sílẹ̀. Ìjọ yóò hó yèè. Agbọ̀n ọrẹ yóò yí ká. Ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba yóò tú owó tí ó so mọ́ etí ìró rẹ̀, èrè ọjọ́ mẹ́ta, yóò sì jù ú sínú agbọ̀n, nítorí ó gbà gbọ́ pé òun náà ti di ẹni tí ó rán ìhìnrere lọ sí òkè-òkun.

Ìgbàgbọ́ ìyá yìí kò ní àléébù. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Òtítọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ mọ̀ tí wọn kò fẹ́ wí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a fi orúkọ míṣọ́nnárì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí yóò lo ọdún kan tàbí méjì ní ìlú àjèjì láìjókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ọmọ onílẹ̀. Wọn yóò dé ibẹ̀, wọn yóò bá ará ilé pàdé, wọn yóò máa bá ará ilé sin Ọlọ́run, ìròyìn yóò sì padà wá sí Ìbàdàn pé iṣẹ́ Olúwa ń gbòòrò. Iṣẹ́ tí a kò ṣe ni a ń gba owó rẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò fara sin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà yóò háyà gbọ̀ngàn kan, nígbà mìíràn nínú ilé ìsìn àtijọ́ tí àwọn onílé kò kún mọ́. Ìlù yóò dún, orin Yorùbá yóò lọ sókè, wọn yóò gbàdúrà fún iṣẹ́, fún ìwé ìgbélùú, fún ìdánwò àti fún àwọn òbí tí ó wà nílé. Lẹ́yìn ìsìn, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yóò jáde. Kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò kẹ́gàn èyí. Ọmọ tí òtútù ń pa, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ilé sì ń ṣe é, nílò ibi tí wọn yóò ti pe orúkọ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí kò bá sí irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìbànújẹ́ ì bá ti gbé mì.

Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìtọ́jú ará ilé ni orúkọ iṣẹ́ yìí. Ó níyì, ó sì yẹ kí ìjọ ná owó lé e lórí. Kì í ṣe òun ni wọ́n kéde níwájú pẹpẹ, kì í sì í ṣe òun ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbọ́ tí ó fi tú owó rẹ̀. Àwọn òyìnbó ni wọ́n dárúkọ fún un. Ẹni tí ó gba owó ìrìn-àjò ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́níyà, kò lè padà wá ròyìn ààfin Aláàfin.

Bí Ìbàdàn bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní míṣọ́nnárì, kò sí ìdí fún un láti rìn jìnnà. Kí ó sọ̀kalẹ̀ láti Mápó lọ sí Kúdẹ̀tì. Ní ọdún 1851, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ David Hinderer, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS, wọ Ìbàdàn. Kò bá ará ilé rẹ̀ kankan níbẹ̀. Àṣẹ àwọn ìjòyè ìlú ni ó fi rí àyè, ọwọ́ wọn ni ó sì ń wò. Ní ọdún 1853, òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì. Wọ́n kọ́ èdè Yorùbá. Wọ́n gba ọmọ onílẹ̀ sínú ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì fún wọn láti kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Yéjídé, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹ̀tì títí di òní. Hinderer gbọ́ Yorùbá débi pé òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan sí èdè wa, tí ó jáde ní ọdún 1866 pẹ̀lú àkọlé Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ọ̀nà etíkun dí. Owó tí CMS ń fi ránṣẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, tọkọtaya náà àti àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú rí ebi. Aṣọ àti ohun èlò ilé wọn ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí owó ẹyọ ra oúnjẹ òòjọ́. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi wà báyìí, tí ó jẹ́ pé ọjà Ìbàdàn àti àánú àwọn ará ìlú ni ó gbé ẹ̀mí wọn ró. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ńlá wà. Ẹni tí ó wá fún Ìbàdàn ní oúnjẹ ọkàn ni Ìbàdàn fún ní oúnjẹ ikùn. Àlejò ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì gbà láti jẹ́ àlejò. Wọn kò kọ́ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan sí Kúdẹ̀tì kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Nígbà tí àìsàn lé wọn padà sílé ní ọdún 1869, iṣẹ́ náà kò tú ká. Daniel Olúbi, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta, gba àkóso, ìjọ Ìbàdàn sì ń tẹ̀ síwájú lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1912. Lára àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni Josiah Akínyẹlé. Ọmọ rẹ̀, Alexander Babátúndé, lọ ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní Sàró, ó padà wálé, ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalọlá, kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, ó sì jọba Olúbàdàn ní ọdún 1955. Báyìí ni èso iṣẹ́ míṣọ́nnárì ṣe ń rí: àlejò lọ, onílé gba iṣẹ́, iṣẹ́ di ti onílé.

Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìdàpọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òkè-òkun. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìjọba Bìrìtéènì ti fi òfin de ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn wá. Náírà ti ṣubú ṣáájú ìgbà náà. Iye ọmọ Nàìjíríà tí ó gba físà akẹ́kọ̀ọ́ já wálẹ̀ gan-an lọ́dún yẹn. Ìdàpọ̀ tí ó jẹ́ pé ará ilé nìkan ni ó kún inú rẹ̀ ń gbẹ bí físà bá ti ń gbẹ. Ta ni Olúbi wọn? Ta ni ọmọ onílẹ̀ tí yóò ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tí ó kẹ́yìn bá ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tí ó sì ti lọ? Níbi tí a kò bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, ibùdó èrò ni ohun tí a kọ́ síbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé òyìnbó ni kò fẹ́ gbọ́. Pé ìlú náà ti le, àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ kò sì ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí. Ó dára. Ǹjẹ́ Ìbàdàn ọdún 1853 rọ̀? Ìlú jagunjagun ni, tí òrìṣà wà ní gbogbo agboolé, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣáájú àwọn Hinderer. Hinderer kò fi líle ìlú ṣe àwáwí láti máa wàásù fún àwọn ọmọ Jámánì. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ó sì jẹ́ òtítọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sì yẹ kí a ti ọmọ ẹlòmíràn síbi tí wọn yóò ti máa wọ́ ọ nílẹ̀. Síbẹ̀, òyìnbó nìkan kọ́ ni ó wà ní ọgbà yunifásítì. Ọmọ Íńdíà, ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Pakistan kún ibẹ̀ ju ọmọ Nàìjíríà lọ. Àwọn náà wà nínú yàrá wọn ní ọjọ́ Kérésìmesì, tí gbogbo ilé ìtajà ti tì, tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn wọn. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wo ni ó ní kí ọmọ Ìbàdàn má bù oúnjẹ fún wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ti wà ní Cambridge láti ọdún 1877. Àjọ tí ó so irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Bìrìtéènì ti wà láti ọdún 1928. Ní ọdún 1947, àwọn àjọ akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ para pọ̀ di IFES. NIFES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1968, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn sì ti dàgbà nínú rẹ̀ ní yunifásítì ilé, jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ó wà ní Bìrìtéènì. Ìyẹn ni pé ilé ẹ̀gbọ́n ti wà nínú ọgbà tí wọ́n rán an lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò kọjá níwájú ilẹ̀kùn ilé náà lọ́sẹ̀ méjìléláàádọ́ta láìkí wọn, nítorí ìlù wọn kò dún tó, àdúrà wọn kò sì gùn tó. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àpẹẹrẹ ọmọ Áfíríkà tí ó ríran kò ṣọ̀wọ́n. Daniel Bourdanné, ọmọ orílẹ̀-èdè Chad, onímọ̀ nípa ẹranko, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sọ èdè Faransé ní Áfíríkà. Láti ọdún 2007 títí di 2019, òun ni akọ̀wé àgbà IFES fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ mọ sí àárín àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ kò lè dé irú ibẹ̀. Nílé níbí pẹ̀lú, ní ọdún 1975, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ní yunifásítì dá ẹgbẹ́ CAPRO sílẹ̀ ní Zaria. Ẹgbẹ́ yẹn kì í rán ènìyàn lọ sí ìlú kan láìkọ́kọ́ kọ́ ọ ní bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ àti èdè tí wọ́n ń sọ. Bí ẹni tí ń lọ sí ìletò kan nínú Sàhẹ́lì bá ní láti kọ́ èdè, kí ni ó mú kí ìjọ rò pé ẹni tí ń lọ sí Leeds tàbí Manchester kò ní ohunkóhun láti kọ́? Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ ní kíláàsì kò tó. Àwàdà wọn, ìtìjú wọn, ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù àti ìdí tí baba wọn fi fi ilé ìsìn sílẹ̀ jẹ́ èdè mìíràn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù, òun ni ó sì dùn jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń sọ yìí ti san owó ilé-ìwé tí ìdílé rẹ̀ fi ta ilẹ̀. Òfin kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Láàrin oṣù kẹfà ọdún 2023 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, dọ́là kan fò láti nǹkan bí náírà 460 kọjá náírà 1,500. Ní ọdún 2024, yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan tí wọn kò rí ìyókù owó wọn san ní àsìkò, wọ́n sì ní kí àwọn kan nínú wọn fi ìlú sílẹ̀. Irú ọmọ báyìí ni ìjọ tún di ẹrù míṣọ́nnárì lé lórí, tí wọ́n ń retí ìròyìn lóṣooṣù: ọkàn mélòó ni ó gba Jésù, ènìyàn mélòó ni ó wá sí ìpàdé. Ó ń ṣiṣẹ́ lóru, ó ń kàwé lọ́sàn-án, ó sì ń purọ́ nínú ìròyìn nítorí kò fẹ́ já àwọn tí ó gbàdúrà fún un kulẹ̀. Nígbà tí gbèsè bá sì dé ọrùn, ọrẹ ọjọ́ ìdágbére ti tán ní ibi tí wọ́n ti ná an.

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ju èyí lọ. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, wọ́n rí i pé àwọn onílé ń kọ̀ láti fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Ṣólańkẹ́ rin ìrìn-àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1929 títí di 1932, ó ń kó owó jọ, ilé ibùgbé náà sì ṣí ní Camden Town ní ọdún 1933. Òrùlé ni ó kọ́kọ́ wá. Ẹgbẹ́ ìjọ kọ́ ni WASU, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìjọ ń gbàgbé: ẹni tí kò rí ibi sùn kò lè ṣe ẹnikẹ́ni lálejò.

Ohun tí ó wá yani lẹ́nu jù lọ ni pé kò sí ọmọ tí ó yẹ kí ó mọ iṣẹ́ yìí ju ọmọ Ìbàdàn àtijọ́ lọ. Agboolé ni ó ti wá. Ní Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, baba àgbà lè jẹ́ Àlàájì, kí ìyàwó kejì máa lọ sí ìjọ Áńgílíkà, kí ìbátan kan sì ṣì máa jáde ní ọdún Òkèbàdàn. Ọmọ náà ti gba ẹran Iléyá láti kékeré; ó ti gbé ìrẹsì Kérésìmesì lọ fún Àlàájì, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ gbé láìfi ẹ̀sìn tirẹ̀ pamọ́, láìsì bú ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n yìí gan-an ni yunifásítì òkè-òkun nílò, tí kò sì sí nínú ìwé kankan. Ìjọ ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìdágbére, tí ó sọ fún un pé àwọn tí ó ń lọ bá jẹ́ ọ̀tá tí yóò ṣẹ́gun.

Nítorí náà, ìjọ tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ òtítọ́ ní ohun mẹ́ta láti ṣe. Èkíní, kí wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó ń lọ kàwé, kí wọ́n súre fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó kàwé. Ìgbé ayé rẹ̀ tó ẹ̀rí. Èkejì, ẹni tí wọ́n bá rán ní tòótọ́, kí wọ́n rán an lọ bí ẹni tí ń lọ kọ́ṣẹ́: kí ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí ó bá nínú ọgbà, kí ó jókòó sínú ìjọ àwọn onílé, kí ó máa gbọ́ kí ó tó máa sọ, kí ó sì jẹun wọn. Ìròyìn tí wọn yóò máa bi í kò gbọdọ̀ jẹ́ iye ọmọ Nàìjíríà tí ó kó jọ. Kí wọ́n bi í pé: ta ni o bá jẹun lóṣù yìí, kí ni ó sì kọ́ ọ? Ẹ̀kẹta, kí owó tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ dá kọ́kọ́ lọ sí orí òrùlé, oúnjẹ àti gbèsè ẹni tí wọ́n rán, kí wọ́n sì ṣí ìwé owó náà níwájú ìjọ, kí ìyá náà rí ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ìjọ tí kò bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jẹ̀bi ohunkóhun; àwọn ọmọ ń bẹ ní ẹ̀bá ilé wọn ní Ọjà'ba tí kò tí ì wọ ilé-ìwé, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n máa gba owó Kúdẹ̀tì fún iṣẹ́ tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ara wọn. Nígbà tí agbọ̀n bá tún yí ká ní oṣù kẹjọ tí ń bọ̀, kí ẹnìkan dìde, kí ó bi olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: ilé ta ni ọmọ yìí yóò ti jẹun?